Àyè Ìyàwó Kan Ṣoṣo

Òkú ló ń bọ́ wa ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà. Ẹ má jáyà o. A kì í ṣe apànìyàn, a ò sì bá wọn ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣúárì. Ojú-ewé ayélujára la máa ń ṣe fún ẹbí tí èèyàn wọn bá kú. Nígbà kan, bébà gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri àti ìwé ètò ìsìn aláràbarà ni ọmọ Ẹ̀gbá fi ń kéde ikú bàbá rẹ̀. Ayé ti yí. Ọmọ tó wà ní Kánádà fẹ́ wo ìsìn lórí fóònù. Ọmọ-ọmọ tó ń kàwé ní Alábàtà fẹ́ ka ìtàn ìgbésí ayé láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò olóògbé tó wà ní Ìfọ̀ fẹ́ mọ ìgbà tí òkú yóò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà dé kí wọ́n ti máa fọ abọ́. Nítorí náà, òkú kọ̀ọ̀kan ti ní ojú-ewé tirẹ̀: àwòrán ńlá lókè, ìtàn ìgbésí ayé lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àti àwòrán àwọn tó fi sáyé lọ, ètò ìsìn, àti ibi tí èrò yóò ti máa kọ "sùn-un-re o."

Èmi ni mo ń kọ ìtàn ìgbésí ayé. Mo ti ṣe tíṣà rí, "Tíṣà" náà ni gbogbo wọn ṣì ń pè mí. Bí ọkùnrin kan bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá aládùúgbò jà nítorí ààlà ilẹ̀, ọwọ́ mi ni yóò ti di "ẹni àlàáfíà tó kórìíra ìjà." Bí obìnrin kan bá le débi pé ajá ilé rẹ̀ kì í gbó láìgbàṣẹ, èmi ni n óò kọ ọ́ pé "ó fẹ́ràn ètò." Kò sí òkú tó burú lọ́wọ́ mi.

Mẹ́rin la wà níbẹ̀. Èmi, ọ̀gá wa tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọbìnrin ayàwòrán tó máa ń ya bí ojú-ewé yóò ṣe rí, àti akọ-kóòdù wa tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà kọ ojú-ewé, géńdé ọlọ́mọ méjì tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, àfi bí ẹnìkan bá dárúkọ irinṣẹ́ tuntun létí rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àṣírí wa fẹ́ tú. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan la ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ìgbà tí èèyàn ń gbẹ́ ère. Bọ́tìnnì ojú-ewé kan á rí róbótó bí àkàrà, ti èkejì á gùn gbọọrọ bí pátákó. Lẹ́tà òkú kan á tóbi, ti òkú kejì á kéré débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ á rò pé a fojú tín-ín-rín bàbá àwọn. Ní àkókò yẹn ni ọ̀gá wa lọ sí ìpàdé àwọn tó ń ṣe ìkànnì ní Èkó. Ó padà dé pẹ̀lú káàdì orúkọ tí wọ́n fi okùn kọ́ sí i lọ́rùn, kò sì bọ́ ọ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ó ní òun ti mọ àrùn tó ń ṣe wá. A ò ní dìsáìn sístẹ́ẹ̀mù.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò le. Télọ̀ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún odindi ilé-ìwé kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ronú bí apá ẹ̀wù ṣe ń rí ní gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá wọlé. Ó ti gé pátáánì sílẹ̀: ti apá, ti ọrùn, ti àpò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá di ìlọ́po mẹ́wàá, pátáánì náà ni. Bí tiwa náà ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ká ṣe bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ká ṣe àpótí àwòrán lẹ́ẹ̀kan, ká mú irú lẹ́tà àti àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká wá máa tò wọ́n pọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kú. Bí òkú bá pọ̀, iṣẹ́ ò ní bò wá mọ́lẹ̀. Bí a bá sì tún ibì kan ṣe, gbogbo ojú-ewé ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Èmi tí wọ́n mọ̀ sí ẹlẹ́gàn, mo kan sáárá sí i. Ibi tí wèrè ti wọ̀ ọ́ ni yíyan irinṣẹ́.

Irinṣẹ́ mẹ́ta la nílò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ayàwòrán yóò fi ya àwọn ẹ̀yà náà. Ìkejì ni èyí tí akọ-kóòdù yóò máa kó wọn jọ sí kí gbogbo wa lè máa rí wọn. Ìkẹta ni èyí tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ àti àwòrán ẹbí sínú, bí ìgbà tí a bá di ẹrù sínú àpótí, kí ó tó gbé wọn sójú-ewé. Ohun mẹ́ta yìí ni àwọn àgbàlagbà mẹ́rin jókòó tì láti ìgbà àgbàdo títí dé ìgbà ọyẹ́.

Ọ́fíìsì ọmọ Áńgílíkà ni tiwa, nítorí náà àdúrà la fi ń ṣí ìpàdé. Ọ̀gá wa á dìde dúró, á di ojú, á ní, "Olúwa, ìwọ tí kì í ṣe àṣìyàn, bá wa yan irinṣẹ́." A ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà la ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bí ẹbí ọkọ ṣe ń wádìí ìyàwó. Ilé wo ni irinṣẹ́ yìí ti wá? Ta ló bí i? Ta ló ti fẹ́ ẹ rí? Ṣé wọn kì í kú ní rèwerèwe nínú ìdílé wọn? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn nìkan ló ní làákàyè nínú, torí irinṣẹ́ tí àwọn tó ṣe é ti pa tì pọ̀ nílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n akọ-kóòdù wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, irinṣẹ́ tó bá ti ṣe ọjọ́ orí kan ti di ìyá àgbà. Èyí tí wọ́n bí ní àná ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí. Ayàwòrán ní tirẹ̀ fẹ́ èyí tí àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá lọ. Ọ̀gá wa kò ju ìbéèrè kan lọ: "Àwọn wo ló ń lò ó lókè òkun?" Bí a bá ti dárúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú oyìnbó, ojú rẹ̀ á wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù fún. Kí ló kan ilé-iṣẹ́ ńlá ìlú oyìnbó pẹ̀lú òkú Ìtókò, kò sí ẹni tó bi í.

Mo dábàá pé ká mú gbogbo wọn lọ sí ọ̀nà Ewékorò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ru sìmẹ́ǹtì gun òkè, ká wo èyí tó máa ṣí lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Mo ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí òkú ń kú fún.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín."

Ìyà tó ń jẹ aláwàdà nìyẹn. Ó lè pariwo pé iná ń jó, wọ́n á ní kó tún un sọ, ó dùn.

Nígbà tó yá, a yàn wọ́n. A mú irinṣẹ́ àwòrán nítorí pé ọ̀gá wa rí orúkọ rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì oyìnbó kan ní Èkó. A mú ti ìkójọ nítorí pé akọ-kóòdù ti ń fajú ro, ẹ̀rù sì ń bà wá kó má lọ. A mú ti ìdìrù nítorí pé ebi ti ń pa ayàwòrán, ó sì ní èyíkéyìí tí a bá mú, ó dáa lójú òun. Báyìí ni àdúrà wa ṣe gbà.

Irinṣẹ́ ìdìrù yìí ló bí ọ̀ràn tí mò ń sọ. Kó tó gba ohunkóhun, ó máa ń ṣe ìbéèrè bí akọ̀wé kóòtù. Àwòrán olóògbé: ṣé ẹyọ kan ni àbí ọ̀pọ̀? Ṣé dandan ni àbí bó bá wù wọ́n? Ohun tí a bá sì dáhùn ni yóò di òfin fún gbogbo ojú-ewé. A ní ọ̀pọ̀. Ọmọ: a ní ọ̀pọ̀, ọ̀gá wa sì fi kún un pé kó má ní gbèdéke, torí kò sí ẹni tó mọ agbára àwọn bàbá ìgbà náà. Ọmọ-ọmọ: ọ̀pọ̀. Ó wá kan ìyàwó tàbí ọkọ. Gbogbo wa yíjú sí ọ̀gá.

Ọ̀gá wa húkọ́. "Ẹyọ kan," ó ní. "Dandan."

Mo bi í pé, "Ẹyọ kan ti ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ẹyọ kan ti ilé?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín fún yín. Ìyá ayàwòrán yìí ni ìyàwó kejì nílé bàbá rẹ̀. Bàbá bàbá akọ-kóòdù, bí mo bá ní kí n ka àwọn aya rẹ̀, iṣẹ́ ò ní parí lónìí. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀, ìyàwó bàbá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Bàbá tèmi fẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ló sì nà mí. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó ti ilé oníyàwó kan jáde. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ, oyìnbó tó ṣe irinṣẹ́ náà kò sì retí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn gidi. Ó mà rọrùn láti di ẹni mímọ́ lórí kọ̀ǹpútà o. A tẹ ẹyọ kan, a tẹ dandan, a ṣe oore-ọ̀fẹ́, a tú ká.

Sístẹ́ẹ̀mù wa ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òkú tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ wá ń parí láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó dá ikú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni lọ́yà kan láti Òkè-Ìlewó wọlé. Bàbá rẹ̀ ló kú, àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rí ní Ewékorò, tó fẹ̀yìn tì, tó sì ń gbé ilé tó kọ́ sí Papalanto títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lọ́yà yìí ni àkọ́bí rẹ̀. Ó fún wa ní àwòrán, ó sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi, ó fi ìyá rẹ̀ sí àyè tí a fi hàn án, ó kó gbogbo ọmọ bàbá rẹ̀ sí àyè ọmọ, ó sì lọ. Ojú-ewé náà jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó dára, bí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ kú.

Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú gan-an, obìnrin kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa wá nínú aṣọ dúdú. Ó lè tó àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀. Ó kí wa kú iṣẹ́, a kí i kú ará-fẹ́ra-kù, ó jókòó, ó sì yọ fóònù jáde nínú báàgì. Ó ní láti Papalanto lòun ti ń bọ̀, páànù àti ìṣó lòun ń tà níbẹ̀.

"Mo ti wo ojú-ewé ọkọ mi," ó ní.

Ọ̀gá wa sún mọ́ ọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń retí ìyìn. "Ṣé ó wù yín, mà?"

"Ó wù mí. Àwòrán rẹ̀ dára. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà níbẹ̀. Ìyá wọn ni mi ò rí."

Ọ̀gá wa tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó ń wá a.

"Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún," ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo ní bóyá ẹ fi mí sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ni mo bá níbẹ̀."

Mo yíjú sí fèrèsé kí ẹ̀rín má baà pa mí níwájú opó. Ó wá ṣàlàyé ohun tó gbé e wá, kò sì fi igbe ṣe é. Ó ní òun lòun ń wẹ̀ fún ọkùnrin náà láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, òun lòun ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Gbogbo oníbàárà òun ní Papalanto ló ti ṣí ojú-ewé náà, wọ́n sì ń wo òun bí ẹni tó ń fi ọkọ ọlọ́kọ ṣẹ̀ṣọ́. Ẹbí tó wà lókè òkun kò mọ òun lójú. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Bí òkú bá ti wọ ilẹ̀ láì sí òun lójú-ewé yẹn, lọ́la, bí ọ̀rọ̀ ilé Papalanto bá dé, ta ni wọn yóò ní òun jẹ́? Àwọn ọmọ òun náà ńkọ́, ṣé wọ́n já bọ́ láti ojú ọ̀run ni? Ó ní kí a ṣáà fi òun síbẹ̀ kí ìsìn orin alẹ́ òní tó bẹ̀rẹ̀, òun kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá wa fọwọ́ ra orí. "Màmá, ẹ má bínú. Sístẹ́ẹ̀mù ò gbà á."

"Ta ni sístẹ́ẹ̀mù?" obìnrin náà bi í. "Ṣé ọmọ ìdílé wa ni?"

Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀ dáadáa. Ó ní àyè kan ló wà, irinṣẹ́ náà kì í gba ènìyàn méjì. Ó ní òun lè fi í sí abẹ́ "ẹbí àti ọ̀rẹ́."

Obìnrin náà wò ó. "Ọ̀rẹ́," ó ní jẹ́jẹ́. Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò tó sì rí i pé wọn ò fi iyọ̀ sí i. "Ọ̀rẹ́."

Akọ-kóòdù wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, wá rí ọgbọ́n dá. Ó ní àyè ìyàwó ló jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àyè ọmọ kò ní gbèdéke. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí wa pẹ̀lú ìdùnnú. Orúkọ obìnrin náà hàn lábẹ́ ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ọmọ." Bí iṣẹ́ oṣù mélòó kan, àdúrà, ìwádìí àti irinṣẹ́ mẹ́ta láti òkè òkun bá para pọ̀, ohun tí wọ́n lè bí nìyẹn: opó tí a sọ di àbíkẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ìgbà tó wọlé. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi bi bàbá mi léèrè iye tó kàn mí nínú ogún." Ó wá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Mo bi akọ-kóòdù pé kí ló dé tí kò sọ ẹyọ kan di ọ̀pọ̀. Ó ní bí òun bá fọwọ́ kan ibẹ̀, gbogbo ojú-ewé òkú tí a ti ṣe láti ẹ̀yìn wá, tí gbogbo wọn ń mu láti orísun kan, yóò dàrú, a ó sì máa tò wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí a bá tún ibì kan ṣe, gbogbo ibi ló máa gbọ́? Ó ní wọ́n máa gbọ́ lóòótọ́. Ó ní èsì tí wọ́n máa fọ̀ ni òun kò mọ̀.

Ọ̀gá wa rántí pé lọ́yà wà. Mo mọ ohun tó ń retí: kí àkọ́bí kọ̀, kí ọ̀rọ̀ di ti ẹbí, kí òun sì fọwọ́ nù. Ó pè é, ó sì jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta. Lọ́yà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àyè ẹyọ kan lẹ fi hàn mí, mo sì fi ìyá mi síbẹ̀. Kí lẹ retí kí ọmọ ṣe? Ìyá mi nìyí, ẹ bá wọn sọ ọ́."

Ohùn arúgbó kan gba fóònù. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan, opó Papalanto ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì wa, níwájú fóònù. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá mi."

"Ìyàwó mi," ìyálé dáhùn. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Kí ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀?"

Ọ̀gá wa fi ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ṣàlàyé fún un pé sístẹ́ẹ̀mù wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri àgbáyé, àyè kan ló ní. Ìyá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bí ẹ ò bá ní àyè fún un, ẹ yọ èmi náà kúrò," ó ní. "Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn mú un wọlé, mo bínú, mo kó ẹrù mi, mo tún tú u. Èmi náà ni mo sì sọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ. Ẹ wá fẹ́ kí n dá jókòó sójú-ewé bí ẹni tó lé ìyàwó lọ lọ́jọ́ tí ọkọ kú? Kí gbogbo ìyá ìjọ máa fojú bá mi sọ̀rọ̀? Orúkọ mi lẹ fẹ́ bà jẹ́, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ẹ fi àwa méjèèjì síbẹ̀, tàbí kí ẹ má fi ẹnìkankan síbẹ̀."

Kò dúró gbọ́ èsì. Fóònù pa.

Inú ọ̀gá wa dùn. Kí ẹ mọ irú ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́: inú rẹ̀ dùn, torí "má fi ẹnìkankan síbẹ̀" rọrùn ju "fi àwa méjèèjì síbẹ̀" lọ. Ó ní kí akọ-kóòdù yọ ìyálé kúrò. Akọ-kóòdù yọ ọ́. Irinṣẹ́ náà kọ ọ̀rọ̀ pupa jáde pé òun kò gbà, àyè yẹn kò gbọdọ̀ ṣófo. Wọ́n ti gbàgbé pé wọ́n tẹ dandan. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì péré ni irinṣẹ́ wa mọ̀: kéèyàn ní ìyàwó méjì, àti kó má ní ọ̀kankan.

Opó ti dìde nílẹ̀, ó ti padà sórí àga. Ó gbé báàgì lé itan, ó ní òun kò ní ibi tí òun ń lọ títí òun yóò fi rí ara òun. Ọ̀gá wa wò ó, ó wo fóònù, ó wò mí. Kò sí àwàdà kankan lẹ́nu mi láti fi gbà á sílẹ̀.

"Ẹ ṣí i," ó ní.

Akọ-kóòdù sọ ẹyọ kan di ọ̀pọ̀. Bó ti wí náà ló rí: gbogbo aya àti gbogbo ọkọ pòórá lójú-ewé gbogbo òkú wa lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹbí kan ní Òwodé fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìyá àwọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ti kú. Alàgbà kan láti Ìtókò ní òun ṣì wà láàyè, òun ló sin aya òun, ta ló ní kí a pa òun rẹ́? Ọ̀gá wa ń bẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì Èkó kò sí lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ayàwòrán àti akọ-kóòdù ń tò ó padà, òkú kan tẹ̀lé òkú kan. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ní irinṣẹ́ wá gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, obìnrin náà yíjú sí mi. Ó ti mọ̀ pé èmi ni mo kọ ìtàn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kọ ọ́ pé ó dákẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nílé rẹ̀ ní Papalanto."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí lọ́yà ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

"Kò dákẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó jà. Ó bú mi, ó ní omi tí mo gbé fún òun gbóná jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di ọwọ́ mi mú, ó sì lọ."

Mo béèrè bóyá kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi ìjà sílẹ̀, kí n kọ ọwọ́. Mo kọ ọ́.

Ó mú àwòrán ara rẹ̀ jáde lórí fóònù, níbi tó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, páànù jọ gègèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ayàwòrán ní òfin sístẹ́ẹ̀mù wa ni pé ẹ̀yìn gbogbo àwòrán gbọ́dọ̀ funfun, òun yóò gé páànù kúrò. Mo wo ayàwòrán. Òun náà gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì fi páànù sílẹ̀.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ojú-ewé náà hàn. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ìyálé àti ìyàwó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan nínú gèlè funfun, ọ̀kan níwájú páànù, àwọn ọmọ wọn sì tò sábẹ́ wọn. Ọ̀gá wa mí kanlẹ̀. Obìnrin náà ní òun fẹ́ rí i lórí fóònù tòun, torí ibẹ̀ ni Papalanto ti ń wò ó. Ó ṣí i. Ojú fóònù kéré, kò gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn; ọ̀kan bọ́ sókè, ọ̀kan bọ́ sísàlẹ̀.

Jìnnìjìnnì tún mú ọ̀gá wa. Ó ní ká fara balẹ̀, ká ṣe ìpàdé lórí ẹni tó yẹ kó wà lókè. Akọ-kóòdù ní òun ti kà nípa irinṣẹ́ tuntun kan tó lè máa pààrọ̀ wọn, kó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí i, ẹlòmíràn ni yóò wà lókè. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́.

Obìnrin náà ń fi ìka fa ojú-ewé náà sókè, ó ń fà á sísàlẹ̀, kò gbójú sókè. "Ìpàdé kí ni?" ó bi wọ́n. "Ta lẹ tún fẹ́ fi ṣáájú ìyálé mi?"

Ó wo ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ti fóònù bọ báàgì, ó sì kí wa pé a kú làálàá. Ọ̀gá wa ti rí ohùn rẹ̀ padà. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí irinṣẹ́ náà ṣe lágbára tó, pé láti òní lọ kò sí iye ìyàwó tí sístẹ́ẹ̀mù wa kò lè gbà. Obìnrin náà bi mí níbi tí òun ti lè rí ọkọ̀ Papalanto, kí òkùnkùn má bá òun lọ́nà, torí àwọn àlejò ìsìn orin ti ń dé sílé. Mo sìn ín sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, à ń gbọ́ ohùn ọ̀gá wa lókè, ó ṣì ń ṣàlàyé.